Jákẹ́ẹ̀tì Onígbàjámọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ṣe ẹni tí ń sọ pé òun kò mọ nǹkan. Bí ẹ bá bi í bóyá òjò máa rọ̀, á wo ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan péré, á ní, "Kò ní rọ̀, ó dá mi lójú." Bí òjò bá wá rọ̀, á ní ìyẹn kì í ṣe òjò gidi. Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Màmá Ó-Dá-Mi-Lójú, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà bí ẹni jẹ oyè.

Aṣọ rírán ni iṣẹ́ rẹ̀. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mo ń bá a ṣe ìṣẹ́tí, tí mo ń gán bọ́tìnnì, tí mo sì ń gba èébú lẹ́nu àwọn oníbàárà tí aṣọ wọn kò tíì jáde. Àwọn obìnrin méjì míì tún wà tí wọ́n ń bá wa rán an. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ni onígbàjámọ̀ kan ti ń gẹ irun. Ní òdìkejì títì ni ilé ìtajà oògùn wà, iwájú rẹ̀ sì ni Baba Ọlọ́dẹ máa ń jókòó sí láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí á máa ṣọ́ gbogbo wa.

Onígbàjámọ̀ yìí kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í sókè, òun àti ìyá rẹ̀ arúgbó ló ń gbé pọ̀. Nígbà kan ó mú aṣọ dúdú wá pé kí ẹ̀gbọ́n mi fi rán jákẹ́ẹ̀tì fún òun. Mo wò ó, mo ní aṣọ yìí kò tó. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó tó, ó dá òun lójú. Ìgbà tó gé e tán ló rí i pé kò tó lóòótọ́, ló bá wá àjákù aṣọ aláwọ̀ ọsàn kan, ó fi í sí àárín ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì náà láti ọrùn títí dé ìdí. Onígbàjámọ̀ yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ní àrà tuntun ni. Ọkùnrin náà gbà bẹ́ẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́ kiri, ó sì yẹ ẹ́, kí n má purọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ẹnì kan já ilẹ̀kùn ilé ìtajà oògùn wọlé. Baba Ọlọ́dẹ gbọ́ ìró, ó sáré lọ síbẹ̀. Ẹni náà fi irin gbá a lójú, ó sì fẹsẹ̀ fẹ. Ojú ọ̀tún Baba fọ́ pátápátá. Ohun tó lè sọ fún ọlọ́pàá kò pọ̀. Ó ní òun kò rí ojú ẹni náà, ṣùgbọ́n bó ti ń sá lọ lábẹ́ iná títì, òun rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní jákẹ́ẹ̀tì dúdú ni, aṣọ aláwọ̀ ọsàn sì la ẹ̀yìn rẹ̀ já láti ọrùn dé ìdí.

Ta ni kò mọ jákẹ́ẹ̀tì yẹn ládùúgbò wa? Àwọn ọlọ́pàá bá a lórí ìṣó nínú yàrá onígbàjámọ̀. Wọn kò bá oògùn níbẹ̀, wọn kò sì bá irin. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni òun àti ẹni tó ni ilé ìtajà oògùn ti jọ fa ọ̀rọ̀ lójú títì. Egungun ń ro ìyá onígbàjámọ̀ débi pé kì í lè sùn. Ọmọ fẹ́ ra oògùn líle kan fún un, oníṣọ́ọ̀bù ní òun kò lè tà á láìsí ìwé dókítà. Oògùn yẹn sì wà lára ohun tí olè náà kó lọ. Mo bi yín, kí lẹ tún fẹ́ kí n gbọ́? Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí lọ́jọ́ náà. Baba Ọlọ́dẹ ló máa ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà bí ilẹ̀ bá ṣú mi sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo rí i pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n fi di ojú rẹ̀, mo sunkún, mo sì ṣẹ́ èpè fún onígbàjámọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá gbé jákẹ́ẹ̀tì náà wá fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀yin lẹ rán an, Màmá?"

"Ta ni ì bá tún rán an?"

"Ṣé ẹ rán irú ẹ̀ fún ẹlòmíì?"

"Láéláé. Àjákù aṣọ yẹn ti tán. Kò sí irú ẹ̀ níbi kankan."

"Ó dá yín lójú?"

"Ẹ ò bi àwọn ará ibí bí wọ́n ṣe ń pè mí?"

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní wọ́n á ránṣẹ́ pè é kó wá jẹ́rìí ní kóòtù. Inú rẹ̀ dùn. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ tí yóò wọ̀ lọ.

Ó ku ọ̀la kó lọ ni ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni, a ti padà sílé, a jókòó sí pálọ̀, ó ń tú ìránpọ̀ ṣòkòtò kan tí kò sí ohun tó ṣe é. Èmi sì mọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ń tú aṣọ tó dáa, nǹkan wà nínú rẹ̀.

"Àbúrò," ó ní, "jákẹ́ẹ̀tì yẹn padà wá sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yẹn."

"Jákẹ́ẹ̀tì wo?"

"Ti onígbàjámọ̀. Aṣọ inú ẹ̀ ya lábíyá. Ìwọ ò sí nílé, o ti lọ tọ́jú ọmọ ẹ tó bímọ. Mo tún un ṣe, mo gbé e kọ́ orí igi."

"Ìgbà wo ló wá mú un?"

Ó dá ọwọ́ dúró. "Ibẹ̀ ni mi ò ti rántí. Mò ń rí i lójú mi bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mo nawọ́ ẹ̀ sí i. Ó lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Ẹtì. Ó lè jẹ́ òwúrọ̀ Sátidé. Mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀."

Ẹnu yà mí. N kò rántí ìgbà tí mo gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Òun kí ló sọ?"

"Ó ní Sátidé ni. Ó ní alẹ́ Ẹtì, ọ̀dọ̀ mi ni jákẹ́ẹ̀tì wà. Àwọn ọlọ́pàá ní irọ́ ló ń pa."

"Irọ́ náà ni! Kí ni kò ní sọ?"

"Tí kì í bá ṣe irọ́ ńkọ́?"

Mo mọ ibi tó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ẹni tí kì í bá ṣe aránṣọ lè má mọ̀. Ní ẹ̀yìn kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù wa, igi gígùn kan wà tí a ń fi aṣọ tí a ti rán tán kọ́. Oníbàárà míì á ti kánjú kánjú, á fẹ́rẹ̀ẹ́ fà wá láṣọ ya kí tirẹ̀ lè jáde, ìgbà tó bá jáde tán kò ní wá mú un fún oṣù mélòó kan. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀, a máa ń ní ó lọ gba atẹ́gùn. Ìyẹn ni pé bí obìnrin kan bá fẹ́ lọ wáṣẹ́, tàbí tí ọkùnrin kan fẹ́ lọ kí àwọn àna rẹ̀, tí kò sì ní ohun gidi kan tó lè wọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á yọ ọ̀kan tó bá a mu lórí igi, á ní, "Wọ̀ ọ́ lọ, má da nǹkan sí i, fọ̀ ọ́ kó o tó dá a padà." Kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Oore ló kà á sí. Aṣọ á padà, a ó lọ̀ ọ́, aláṣọ á dé, á máa yìn wá pé aṣọ òun tuntun yìí dára. Àwọn obìnrin méjì tó ń bá wa rán an náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹbí wọn, nígbà míì láìsọ fún wa. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sì rèé, orí férémù ilẹ̀kùn ni a ń gbé e sí, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń ṣí i. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní gbogbo ilà ṣọ́ọ̀bù yẹn.

"Ẹ ti bi àwọn méjèèjì?" mo ní.

"Mo bi wọ́n. Wọ́n búra pé àwọn ò fọwọ́ kan jákẹ́ẹ̀tì."

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo ara wa. Wọ́n búra bẹ́ẹ̀ lórí búláùsì olùkọ́ kan lọ́dún tó kọjá, kí a tó pàdé búláùsì náà lọ́rùn àbúrò ọ̀kan nínú wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́," mo ní. "Wọn ò ní bi yín. Ohun tí wọn ò bá sì bi yín, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa dá a sọ. Tí ọ̀rọ̀ atẹ́gùn bá fi lè jáde ní kóòtù, ká yáa di ẹ̀rọ wa lẹ́rù ká máa lọ. Ta ló máa gbé aṣọ fún wa mọ́? Ẹ tún wo ojú Baba kẹ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa tú ẹni tó fọ́ ọ sílẹ̀?"

"Mò ń wo ojú Baba," ó ní. "Òun gan-an ni mò ń wò."

Ó mú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ohun tó tú. Inú bí mi, mo wọlé lọ sùn.

Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà jẹ́ obìnrin. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ, kò sì sí ohun tó lè mú un kánjú. Bí ènìyàn bá ti sọ gbólóhùn kan, á gbé ọwọ́ òsì sókè, gbogbo ilé á dákẹ́ rọ́rọ́, a ó máa gbọ́ bí bírò rẹ̀ ti ń rìn lórí pépà. Bó bá kọ ọ́ tán, á wo ẹlẹ́rìí lókè gíláàsì rẹ̀, á ní, "Mò ń gbọ́." Fáànù ń yí lókè àjà láìfẹ́ afẹ́fẹ́ kankan sí wa. Àwọn ará àdúgbò kún orí bẹ́ǹṣì, ìdajì wọn ló sì wọ aṣọ tí a rán.

Onígbàjámọ̀ dúró sínú àpótí onígi níwájú. Ó ti rù. Agbẹjọ́rò ìjọba ti sọ fún wa níta pé bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ọdún tó máa lò lẹ́wọ̀n kò ní kéré rárá, nítorí ojú tó fọ́. Ìyá rẹ̀ kò lè wá. Gbogbo wa la mọ̀ pé bó bá lọ, kò ní bá a láyé mọ́.

Baba Ọlọ́dẹ kọ́kọ́ jẹ́rìí. Ó sọ ohun tó rí, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Agbẹjọ́rò onígbàjámọ̀, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, bi í pé, "Baba, ẹ rí ojú ẹni yẹn?"

"Rárá, ọmọ mi. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo rí."

Bírò ń rìn lórí pépà. Wọ́n wá pe ẹ̀gbọ́n mi.

Inú mi dùn sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó gba jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi ibi tí òun ti so òwú pọ̀ lábẹ́ kọ́là han adájọ́. Ó ní òun lòun rán an, kò sí ẹlòmíì, kò sì sí irú rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó. Mo ti ń mí kanlẹ̀.

Ọmọbìnrin olóhùn tín-ín-rín dìde. "Màmá, láti ọjọ́ tí ẹ ti rán jákẹ́ẹ̀tì yìí, ṣé ó tún padà dé ọwọ́ yín rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún abíyá ẹ̀ ṣe."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ja ilé oògùn lólè."

Adájọ́ gbé ọwọ́ òsì sókè. A dúró. "Mò ń gbọ́," ó ní.

"Ọjọ́ wo ló wá mú un, Màmá?"

"Mi ò rántí. Bóyá Ẹtì, bóyá Sátidé."

Àwọn ènìyàn kùn. Agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kódà bí jákẹ́ẹ̀tì bá wà ní ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ náà, aṣọ kò lẹ́sẹ̀ tó máa fi dìde rìn jáde nínú ilé tí wọ́n tì pa. Ó ní kí ẹ̀rí ìjọba dúró bó ṣe wà. Ọmọbìnrin náà wo ìwé rẹ̀. Mo rí i pé ìbéèrè ti tán lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ ohun tó yẹ kó bi í, ta ni ì bá sì sọ fún un? Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, mo mi orí sí i díẹ̀díẹ̀ pé kó máa bọ̀ wálẹ̀, ó ti tó.

Adájọ́ ṣì ń kọ̀wé. Bírò yẹn pẹ́ lórí pépà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó di etí jákẹ́ẹ̀tì mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú. Ó wo àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó wo Baba Ọlọ́dẹ. Nígbà tí adájọ́ gbójú sókè, tó ní ó lè máa lọ, kò lọ.

"Olúwa mi," ó ní, "ohun tí lọ́yà yẹn sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ máa ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ẹ ṣàlàyé, Ìyá."

"A máa ń yá àwọn ènìyàn wọ̀. Aṣọ oníbàárà. Tó bá ti wà lórí igi, ẹni tí kò bá ní, a máa ń yọ ọ́ fún un kó fi ròde ọjọ́ kan. Èmi ń ṣe é. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń ṣe é, wọn kì í fìgbà gbogbo sọ fún mi. Orí férémù ilẹ̀kùn ni kọ́kọ́rọ́ sì ń gbé. Ẹni tó bá wù ló lè mú un."

Ẹ ò rí ariwo! Obìnrin kan dìde láàárín èrò, ó ní, "Háà! Aṣọ ìgbéyàwó mi! Abájọ tó fi fẹ̀ lára mi!" Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó kù ń wo ọrùn ọwọ́ aṣọ ara wọn bí ẹni tó rí kòkòrò níbẹ̀. Èmi tẹ orí ba, mo fi gèlè bojú. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì. Adájọ́ gbé ọwọ́ òsì sókè, ariwo rọlẹ̀.

"Ta lẹ yá jákẹ́ẹ̀tì yìí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn?"

"Èmi ò yá ẹnikẹ́ni. Bí ẹlòmíì bá mú un, mi ò mọ̀."

Agbẹjọ́rò ìjọba fò dìde. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Màmá, ṣé ohun tí ẹ wá ń sọ ni pé kì í ṣe ọkùnrin yìí ló fọ́ ojú Baba?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó lè jẹ́ òun."

"Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní Màmá Ó-Dá-Mi-Lójú?"

"Jákẹ́ẹ̀tì ló dá mi lójú," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ẹni tó wà nínú ẹ̀ ni mi ò mọ̀."

Adájọ́ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ ìdájọ́ kò jìnnà. Kí ó tó dé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò fi bẹ́ẹ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo ń kí i láàárọ̀, ó ń dáhùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́kàn mi, mo ń sọ pé ìgbéraga ló ń dà á láàmú, pé ó fẹ́ kí ayé yìn ín pé òun kì í purọ́, ẹlòmíì ni yóò sì jìyà rẹ̀. N kò tíì mọ ohun tí mo lè pè é títí di òní.

Adájọ́ ka ìdájọ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan, láìkánjú. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹni méjì ló ń jà sí ilẹ̀, tí ẹ̀rí ọ̀kan fi díẹ̀ wúwo ju ti èkejì lọ, òun á gbé ilẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ wúwo, òun á sì sùn dáadáa. Ó ní ṣùgbọ́n kí a tó gba ènìyàn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí a tì í mọ́lé, kí a pè é ní ọ̀daràn títí ayé, díẹ̀ kò tó. "Kì í ṣe òun ló máa fi hàn mí pé òun kọ́," ó ní. "Ìjọba ló mú un wá, ìjọba ló máa fi hàn mí pé òun ni, débi tí ẹni tó ní làákàyè kò ní rí ibi tí iyèméjì lè gbà wọlé. Mo lè rò ó nínú ọkàn mi pé òun ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo rò ó bẹ́ẹ̀. Èrò mi kì í ṣe ẹ̀rí. Jákẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n gbé wá fún mi, jákẹ́ẹ̀tì náà sì ṣeé ṣe kó wà níbi tí ọwọ́ ẹlòmíì lè tó o."

Ó ní òun dá a sílẹ̀.

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ dúró sínú àpótí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n sọ. Baba Ọlọ́dẹ ló dìde. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí adájọ́ bá ti parí, ọlọ́pàá kóòtù fẹ́ mú un jókòó, adájọ́ sì ní kó fi í sílẹ̀.

"Olúwa mi, mi ò bá yín jiyàn," Baba ní. "Mo kàn fẹ́ bi yín ni. Ta wá ni?"

Adájọ́ yọ gíláàsì rẹ̀. "Baba," ó ní, "ilé ẹjọ́ kò mọ̀."

Baba mi orí, ó ní ẹ ṣeun, ó sì wá ibi tó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sí. Mo sunkún nítorí rẹ̀ títí a fi délé.

Láti ọjọ́ kejì ni àwọn oníbàárà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọn kò jà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, wọ́n ń kí wa dáadáa, wọ́n á sì ní àwọn kàn wá mú aṣọ àwọn. Obìnrin kan gbóòórùn abíyá búláùsì rẹ̀ níwájú wa, ó tún gbóòórùn ti èkejì, kó tó kí wa pé ó dàbọ̀. Àwọn tí aṣọ wọn ti pẹ́ lórí igi, tí a ti gbàgbé ojú wọn, gbogbo wọn rántí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sẹ̀ kan. Àwọn obìnrin méjèèjì tó ń bá wa ṣiṣẹ́ wá ibòmíì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń ká aṣọ fún olúkúlùkù, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, kò ṣàwáwí kankan. Nígbà tó yá, igi ẹ̀yìn kọ́tìnnì ṣófo pátápátá. N kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti gbé e síbẹ̀.

Baba Ọlọ́dẹ kò bá wa bínú. Ó padà sí iwájú ilé ìtajà oògùn, ó ń fi ojú kan ṣọ́ títì. Mo ń gbé omi lọ fún un, mi ò sì mọ ohun tí mo lè bá a sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó láìsí iṣẹ́ lọ́wọ́, onígbàjámọ̀ ya ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà tó ti dé, a máa ń rí i tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tó ń gbá a, tó ń jókòó sórí àga tí oníbàárà ń jókòó sí. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbé ọrùn rẹ̀ fún abẹ rẹ̀ mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí ìloro.

"Màmá, mo wá dúpẹ́."

"Dìde," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Mi ò ṣe é nítorí ẹ. Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ó dìde, ṣùgbọ́n kò lọ. "Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi kọ́. Ọ̀rọ̀ yín ń wọ̀ wọ́n létí. Tí ẹ bá ní ó dá yín lójú, ó pẹ́ ó yá, wọ́n á gbà."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé ó máa ṣe é. Kí ló tún kù tó máa pàdánù? Gbólóhùn kan ni, òun sì ti ń sọ ọ́ kiri gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí òjò àti oòrùn.

"Mi ò lè sọ ọ́," ó ní.

"Màmá."

"Mi ò mọ̀. Ó lè má jẹ́ ìwọ. Ó lè jẹ́ ìwọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ níwájú adájọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún ẹ yìí. Tí mo bá fi kan lé e, irọ́ ni mò ń pa."

Mo rò pé ọkùnrin náà máa bínú, mo tilẹ̀ ti wo ibi tí ṣísọ́ọ̀sì wà. Ó fi ẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, kò gbìyànjú àtinù ún.

"Láti ìgbà tí mo ti dé," ó ní, "gbogbo ẹni tí mo bá rí ló mọ̀. Ẹni tó kí mi mọ̀. Ẹni tí kò kí mi mọ̀. Ìyá mi pàápàá, ó ń bẹ̀ mí pé kí n foríjì òun, pé nítorí òun ni mo ṣe ṣe é. Mo sọ fún un títí, ó ní òun mọ̀, òun mọ̀. Màmá, nínú gbogbo ayé yìí, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò mọ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín díẹ̀."

Àga kò sí nílẹ̀ àfi méjì tí a jókòó sí. Èmi náà wà lára àwọn tó mọ̀, àní mo ti mọ̀ kí ọlọ́pàá tó mọ̀. Mo dìde, mo ní kó jókòó sórí tèmi.